Bàbá Lésà Tó Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Gbọ́ Ohùn Irin

Ní àdúgbò wọn ní Ṣàngótẹ̀dó, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ olóògbé Gbàdàmọ́sí Ọ̀ṣuntọ́lá, ọjọ́ tí ìgò pe Alàgbà Akínlabí lórúkọ ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀.

Alàgbà Akínlabí ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ó sanra, ohùn rẹ̀ tóbi, ó sì ní jíìpù kan tó fẹ́ràn láti máa gbé sẹ́nu géètì Gbàdàmọ́sí, nítorí pé ibẹ̀ ni òjìji igi máńgòrò máa ń bọ́ sí lọ́sàn-án. Gbàdàmọ́sí ti fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́. Ó ti fi ẹ̀rín bá a sọ ọ́. Ó ti rán Ràhímátù ìyàwó rẹ̀ sí i. Èsì kan náà ni Alàgbà máa ń fọ̀: “Mo ti gbọ́.” Jíìpù ò sì ní kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé ní àgbàlá Alàgbà, Gbàdàmọ́sí fi ìgò kan rán Ràhímátù lọ síbẹ̀. Ìgò jáàmù lásán ni. Ó ti fi èéfín àtùpà kun ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ dúdú, ó sì ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìdérí rẹ̀, irú èyí tí dókítà máa ń fi sétí. Òun fúnra rẹ̀ dúró lójú fèrèsé òkè ilé wọn, ní òdìkejì títì. Ràhímátù gbé ìgò ka orí tábìlì, ó fi pákó dí ẹ̀yìn rẹ̀ kí iná má baà kọ sí ẹnikẹ́ni lójú, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Iná pupa kékeré kan bà lé ara ìgò náà.

“Kí lèyí, Ìyá Habeeb?” ni Alàgbà bèèrè.

“Bàbá Habeeb ní kí ẹ fi rọ́bà yẹn sétí, sà. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Alàgbà fi rọ́bà sétí bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọ ọ́, ó yọjú wo inú ìgò, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó tún fi rọ́bà sétí. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tó gbọ́, ó kàn nawọ́ sí ìgò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́tí, ó sì jíṣẹ́ fún gbogbo ìpàdé pé ìgò náà ní, “Alàgbà Akínlabí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé jíìpù yín kúrò lẹ́nu géètì.”

Alàgbà dìde, ó lọ gbé e kúrò. Nígbà tó padà dé, tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ní ènìyàn lè kọ etí ikún sí aládùúgbò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ìgò ṣọ̀tá?

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Lésà.

Àwọn tó bá fẹ́ mọ bí ìgò ṣe sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Ràhímátù ni wọ́n máa ń lọ. Tíṣà ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Awoyaya kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ọkọ rẹ̀ bá ṣàlàyé, àlejò á sùn lọ. Bí òun bá ṣàlàyé, á yé wọn. Ó ní iná lésà yìí kì í kàn tàn gbọọrọ, ó ń ṣẹ́jú, ó sì ń yára ṣẹ́jú ju ohun tí ojú ènìyàn lè rí lọ. Ibi tó bá bà lé á gbóná díẹ̀, á wú. Bó bá ti ṣẹ́jú, ibẹ̀ á tutù, á sún kì. Wíwú àti sísúnkì yẹn ló ń di ìró. Bí Bàbá Habeeb bá wá mú kí iná náà máa ṣẹ́jú bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, ohùn rẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ inú ìgò máa sọ jáde.

“Irin ńkọ́?” ni wọ́n máa ń bèèrè, nítorí irin ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

“Bákan náà ni. Ìró á wọ inú irin lọ, á kan ẹ̀gbẹ́ kejì, á padà wá. Bó bá pàdé ihò tàbí ibi tó sán lójú ọ̀nà, kíá ló máa padà. Iná kejì á wá máa ṣọ́ awọ irin náà, bí ìyá ṣe ń wo ikùn ọmọ tó sùn láti mọ̀ pé ó ń mí. Iná àkọ́kọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn, iná kejì ló ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ onílé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.” Á wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Nínú ilé wa pẹ̀lú, Bàbá Habeeb kì í fọwọ́ kan nǹkan kan, pàápàá abọ́ tí wọ́n bá jẹun tán.”

Gbàdàmọ́sí alára kò gbà pé inú ìwé ni òun ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ abúlé ẹ̀bá ọ̀sà ni, nítòsí Ajah, láyé ìgbà tí ó jẹ́ pípa ẹja àti oko àgbọn ni wọ́n mọ ibẹ̀ mọ́. Apẹja ni baba rẹ̀. Baba náà á ti ẹnu àjẹ̀ bọ omi, á gbé ìdí rẹ̀ sétí, á dákẹ́, á sì máa gbọ́ ẹja tó ń kùn nísàlẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ tí Gbàdàmọ́sí kó láti òkè òkun, àti gbogbo ọdún tó fi kọ́ni ní fisíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ní àjẹ̀ baba òun ni òun ń tún ṣe. Ó fẹ́ràn ìtàn náà, ó sì ń fi nǹkan kún un. Nígbà tí Ràhímátù kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹja kan ló ń kùn. Nígbà tí wọ́n fi máa bí Habeeb, ẹja náà ti ń kọrin.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń kọ́ àgbá epo àti irin ńláńlá lápá èbúté tuntun máa ń ránṣẹ́ pè é kó wá bá wọn yẹ ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀ wò. Ọjọ́ tí wọn ò bá pè é, á wá ohun mìíràn yẹ̀ wò. Ọjọ́ kan ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré lọ sí ìdí àtẹ Fàtíù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta wọtamẹ́lọ̀n lẹ́bàá títì.

“Bàbá, ẹ kàn fọwọ́ gbá a,” ni Fàtíù wí. “Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn.”

“Ọwọ́ máa ń parọ́.”

“Iná ńkọ́?”

“Ta ló fẹ́ fún iná ní rìbá?”

Ó tan iná sí èyí, ó tan án sí ìyẹn, àwọn oníbàárà mìíràn dúró ń wòran. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí ọ̀kan. Fàtíù gbé e, ó gbá a, ó sì mi orí.

“Bàbá, mi ò fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Èyí ò dáa. Ó ti ṣófo nínú.”

“Mo mọ̀. Ihò rẹ̀ wà níhìn-ín, ó ń lọ gbọọrọ lápá ibí yìí. Irú rẹ̀ ni mo ń wá látàárọ̀.”

Fàtíù ní òun ò ní tà á, kí wọ́n má lọ máa sọ pé ọjà burúkú lòun ń tà fún àgbàlagbà. Gbàdàmọ́sí ní bí kò bá tà á, òun ò ní kúrò níbẹ̀. Fàtíù fi èyí tó dáa lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Fàtíù ní kó kúkú gbé méjèèjì, Gbàdàmọ́sí ní ọ̀kan péré lòun bá wá. Àwọn tó dúró ń wòran ò rí irú ìnájà bẹ́ẹ̀ rí, tí ọlọ́jà ń bú ọjà ara rẹ̀, tí oníbàárà ń pọ́n ọn lé. Gbàdàmọ́sí ló borí. Ó gbé e délé, ó là á, ihò náà sì wà níbi tó fi ọwọ́ sí gan-an. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe Ràhímátù láti ilé ìdáná.

Ràhímátù wo wọtamẹ́lọ̀n náà. Ó wo ìkòkò tó sán tí ọkọ rẹ̀ gbé wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti táìlì tó fọ́ tó gbé jókòó lórí fíríìjì. “Bàbá Habeeb, ilé wa ni gbogbo nǹkan tó ti bàjẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó ń forí lé. Ẹ ò lè mú èyí tó pé wálé lọ́jọ́ kan?”

“Èyí tó pé,” ni ọkùnrin náà wí, “kí ni mo fẹ́ bá a sọ?”

Ọ̀rọ̀ táǹkì omi mọ́ṣáláṣí ni kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní Awoyaya, níbi tí Gbàdàmọ́sí ti máa ń kírun Jímọ̀, wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Kàsímù jó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gíga kan, wọ́n sì gbé táǹkì ńlá lé e lórí. Sàdákà ni, ó fi ṣe é ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, kò gba kọ́bọ̀. Òjìji tó wà lábẹ́ táǹkì náà tutù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-kéú sì ń tẹ́ ẹní sí lẹ́yìn ìrun àsáárì.

Gbàdàmọ́sí wo ojú ibi tí wọ́n jó náà, kò sì bá a lára mu. Ó padà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó tan iná sí àwọn ẹsẹ̀ irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá lọ bá Alfa Ìsìmáílà, ìmáàmù wọn.

“Alfa, ẹsẹ̀ tó wà lápá òsì, èyí tó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí, ihò wà nínú ojú jíjó rẹ̀. Kí àwọn ọmọ má jókòó síbẹ̀ mọ́.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Kàsímù. Ó tẹ́tí sí i dé òpin. “Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò kan irin yẹn lóòlù. Ẹ ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Tọ́ọ̀ṣì lẹ kàn tàn sí i.”

“Kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì.”

“Ó dáa, tọ́ọ̀ṣì olówó ńlá.”

Alfa, tí kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́, ní kí wọ́n jẹ́ kí ààwẹ̀ parí kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Gbàdàmọ́sí kò bá a jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé àga alápá kan wá, ó gbé e sí àárín gbùngbùn abẹ́ táǹkì náà, ó jókòó, ó ṣí ìwé ìròyìn. Kò sí àyè fún ẹní mọ́. Olùkọ́ ilé-kéú kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá bẹ́ẹ̀.

Ràhímátù gbọ́, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ wá bá a níbẹ̀. “Bó bá wá wó lé yín lórí ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé òótọ́ ni mo sọ.”

Ràhímátù wò ó títí. Ó ní irú òótọ́ bẹ́ẹ̀, opó ni yóò kù fún láti máa sọ kiri. Ó mú un dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò, ó tú okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó sì fi yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé. Gbàdàmọ́sí dúró ń wo okùn náà. Nínú gbogbo ìmọ̀ fisíìsì rẹ̀, okùn ò sọ sí i lọ́kàn.

Okùn náà ló sú Alfa. Kò tilẹ̀ dúró de ìgbà tí ààwẹ̀ máa parí. Wọ́n fa omi táǹkì gbẹ, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi igi ti irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Kàsímù sì gé ẹsẹ̀ apá òsì tó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí níwájú gbogbo jàmáà. Inú irin náà mọ́, ó dán, ó ki bí eyín tuntun lẹ́nu ọmọdé. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn rín lọ́jọ́ náà, Ràhímátù kò fẹ́ràn rẹ̀. Kàsímù ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Gbàdàmọ́sí padà sílé, ó jókòó sí pálọ̀. Àlejò kan wọlé, kò sọ ìtàn ẹja fún un. Ìgbà yẹn ni Ràhímátù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú egungun.

Nígbà tí àlejò lọ, ó jókòó tì í. “Níbo lẹ dúró sí nígbà tí ẹ ń tan iná yẹn?”

“Lápá títì. Mo kọjú sí mọ́ṣáláṣí.”

“Kàsímù ńkọ́, nígbà tó ń gé e?”

Gbàdàmọ́sí ronú. “Ẹ̀yìn ló kọ sí mọ́ṣáláṣí.”

Ràhímátù kò sọ nǹkan mìíràn. Bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìyẹn, á mú wọn dé ẹnu ọ̀nà, á jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, tó wò ó, tó gbé ọ̀tún sókè, tó tún wo ìyẹn.

“Ìyá Habeeb,” ló wí, “mo gbé.”

Ó fẹ́ fi fóònù sọ fún Alfa. Ràhímátù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iwájú gbogbo ènìyàn ló ti ba iṣẹ́ ọmọlọ́mọ jẹ́, iwájú gbogbo ènìyàn náà ni yóò ti tún un ṣe. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ pé òun jẹ̀bi láìfi “ṣùgbọ́n” kún un. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó dúró lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó ń wò ó bó ṣe dìde.

“Mo sọ pé apá òsì,” ni Gbàdàmọ́sí bẹ̀rẹ̀, “mi ò sọ pé òsì ta ni. Kàsímù, irin rere ni mo ní kí o gé, mo sì dójú tì ọ́ lórí sàdákà ìyá rẹ. Má bínú. Èmi ni mo ṣìnà.” Ràhímátù ń dúró de “ṣùgbọ́n” náà, kò gbọ́ ọ. “Ẹ kàn bá mi fi okùn yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.”

Kàsímù dìde. Àwọn kan rò pé ìjà ni. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó jáde, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó gé ẹsẹ̀ kejì tó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí irin náà pínyà, ihò kan wà láàárín rẹ̀, bí eyín tí kòkòrò ti jẹ, omi pupa ìpẹtà sì ń sun láti inú rẹ̀. Alfa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń kéwú, ó sì rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Orúkọ ìyá mi ni mo fi ṣe é,” ni Kàsímù wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Gbàdàmọ́sí lóṣòó tì í. “Kò sí ojú tó lè rí i láti ìta. Èmi tí mo ní iná, ṣé mo mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún?”

Ẹ̀rín já lẹ́nu Kàsímù, òun àti bàbá náà sì jọ rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n lóṣòó sí, pẹ̀lú irin gígé nílẹ̀ níwájú wọn. Ó tún ẹsẹ̀ méjèèjì jó. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n di ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ìrun bá ti parí, Gbàdàmọ́sí á yà sí ṣọ́ọ̀bù Kàsímù, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ràhímátù rò pé ọ̀rọ̀ irin ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí àìsàn kọ lu Gbàdàmọ́sí, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo nǹkan náà ló ṣe gbà á. Wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò inú ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń fi ìró wo ara. Dókítà Olúwafúnminíyì, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, fi òróró tútù pa ikùn rẹ̀, ó sì ń fi nǹkan kan rìn lórí rẹ̀.

“Dókítà, ẹ̀yin ṣì ń fọwọ́ kan ènìyàn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀,” ni Gbàdàmọ́sí wí. “Bí àwọn tó ń ra wọtamẹ́lọ̀n.”

“Ẹ má mira, sà.”

Ó dákẹ́. Dókítà náà dákẹ́ jù ú lọ. Nígbà tó parí, ó sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kókó kan wà lára ẹ̀dọ̀, ó ti tóbi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ràhímátù di ọwọ́ àga mú. Gbàdàmọ́sí ní kí dókítà jọ̀wọ́ yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ òun. Ó wò ó pẹ́ títí, ó béèrè èyí, ó béèrè ìyẹn, dókítà sì ń dá a lóhùn.

“Àwòrán náà mọ́ dáadáa,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀. “Ọmọ yìí mọṣẹ́.”

“Mi ò béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín,” ni Ràhímátù wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ọkùnrin tí kì í fọwọ́ kan nǹkan kan na ọwọ́ tó ti fi nu òróró tútù kúrò níkùn rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí tí wọ́n fi délé. Ó lo òjò ọdún náà tán. Òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ìrun sùbúhì, ó ní òun fẹ́ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì jí mọ́.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Habeeb ọmọ wọn ti dé láti ìlú òyìnbó, ó jókòó, ó ń gbọ́ ìtàn baba rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Alfa ní láti rán wọn létí pé àdúrà ni wọ́n bá wá. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn lọ, Habeeb sin àwọn kan dé ẹnu títì. Kàsímù nìkan ló kù, ó ń bá Ràhímátù to àga jọ.

“Màmá,” ló wí, “àwọn ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ?”

“Ọ̀rọ̀ irin ni.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin. Ọ̀rọ̀ yín ni.”

Ràhímátù gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?”

Kàsímù họ orí. Ó hàn pé ó ti ń kábàámọ̀ pé òun la ẹnu. “Wọ́n ní iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ yín.”

“Iyọ̀?”

“Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gbé yín sílé ni. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń gbé ife omi ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.”

Ràhímátù rántí ife náà, ife aláwọ̀ búlúù tó lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé òùngbẹ ló máa ń gbẹ ọkọ òun. Ọkùnrin tó lè rí àléébù nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rí. “Kí ló wá dé tí wọn ò sọ fún mi?”

“Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ, ẹ máa dín in kù, kò sì ní jẹ́ ọbẹ̀ yín mọ́.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. Ràhímátù rẹ́rìn-ín, ó jókòó kó má baà ṣubú, ó sì tún rẹ́rìn-ín, títí tó fi gbé etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, tí kò sì yára gbé e kúrò níbẹ̀. Kàsímù dúró, kò mọ ibi tó yẹ kó wò.

Nígbà tó yá, Ràhímátù dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀ lé e lórí, ó gbé e síwájú Kàsímù, ó sì jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀. Kàsímù bu ṣíbí kan. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó dùn, Màmá.”

“Mo mọ̀,” ni Ràhímátù wí, ó sì rọra ti ife búlúù náà sún mọ́ ọn.